Ta Ló Kàn Létí Omi

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni àbúrò mi pè mí. Mo mọ̀ nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago ara ògiri ni, mò ń retí kí gọ́ọ̀mù ara àga kan gbẹ. Káfíńtà ni mí. Òun ní tirẹ̀, ẹja ló ń pa nínú adágún ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ́ńjìnì ti kú. Pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti là, omi ń wọlé. Ó ti tó ààbọ̀ wákàtí tí mo ti ń gbọ́n ọn. Apá ti ń ro mí."

"Apá ibo lo wà?"

"Nítòsí òpó pupa. Atẹ́gùn yìí ò dáa o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má pẹ́."

Fóònù gé. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Òpó irin tí wọ́n fi ṣàmì ibi tó jìn nínú adágún ni òpó pupa.

Àbúrò mi ò mọ odò ó wẹ̀ dáadáa. Apá òsì rẹ̀ kán nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, egungun náà ò sì tò bó ṣe yẹ. Ẹ̀wù ìléfòó kan ṣoṣo ló ní, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ẹ̀wù yẹn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Ajé ni mo yá a láìsọ fún un, mo fi di dígí kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì, màá dá a padà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí ibi dúró síṣẹ́.

Mo ju ẹ̀wù náà sínú píkọ́ọ̀pù. Mo so kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí mo fi ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi mi, tòun tọkọ̀ lórí rẹ̀, mọ́ ọn nídìí, mo sì gbéra.

Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ti ń ti ọkọ̀ wọ inú adágún yẹn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkọnkéré ni, kò fẹ̀ ju ohun tí mọ́tò kan lè gbà lọ, ti gbogbo ìlú sì ni. Ó ní ìlànà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára pátákó. Bí o bá dé, abẹ́ igi tó wà lókè ni wàá dúró. Ibẹ̀ ni wàá ti kó ẹrù sínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wàá ti tú okùn, ibẹ̀ náà ni wàá ti fi èdídí dí ihò kékeré tó wà nídìí ọkọ̀, èyí tí a máa ń ṣí sílẹ̀ nílé kí omi òjò lè rí ibi jò jáde. Ìgbà tó bá kàn ọ́ lo tó lè fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà nínú ewu lójú omi, ẹni tó fẹ́ lọ gbà á yóò sọ ọ́ lábẹ́ igi, gbogbo ọkọ̀ yóò sì yà fún un. Ó ti ṣojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè kejì.

Mo mọ gbogbo èyí kí n tó débẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà lábẹ́ igi nígbà tí mo dé. Ẹni tó kàn ni Bàbá Rọra, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, Àǹtí Aláwọ̀n la máa ń pè é. Ẹni kẹta jẹ́ ọkùnrin kan tó wọ fìlà funfun, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ojú ọ̀run ti ṣú ní òdìkejì omi.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti Bàbá Rọra. Ní oṣù kan ṣáájú, mo fọ ọkọ̀ mi lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn fún ogún ìṣẹ́jú, táwọn èèyàn sì tò sẹ́yìn mi. Ó wá bá mi, ó ní, "Ọmọ mi, rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó kù lè kọjá." Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló po sìmẹ́ńtì ibẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rí i níwájú, ibòmíràn ni mo máa ń wò.

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Mo yí gíláàsì píkọ́ọ̀pù wálẹ̀. Mo rí ojú bàbá yẹn. Mo yí gíláàsì padà sókè. Mo wa ọkọ̀ kọjá níwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ wò ó," Àǹtí Aláwọ̀n ń sọ, "ẹni tó sọ ibí di balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá ló tún dé yìí. Káfíńtà, ṣé pákó lo fi bojú ni, tí o ò fi rí wa?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ọkùnrin onífìlà ní. "Ó lè jẹ́ ẹja ló pè é lórí fóònù."

Bàbá Rọra nìkan ló rìn tẹ̀ lé mi dé orí kọnkéré. "Rọra o," ó ní. "Ṣé o ti wo ìdí ọkọ̀ rẹ?"

Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé èébú ni. Mo ṣáà ń fi ẹ̀yìn sọ̀ lọ.

Ọkọ̀ léfòó. Mo fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ níbi tó wà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nínú omi, mo mú ẹ̀wù ìléfòó, mo fò sínú ọkọ̀, mo sì fa ẹ́ńjìnì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dáhùn. Mi ò tíì lọ jìnnà, bóyá ìwọ̀n ilé mẹ́ta, nígbà tí bàtà mi tutù. Mo ní ìgbì ló ta sínú ọkọ̀. Kí n tó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ìdí ọkọ̀ ti wúwo, iwájú rẹ̀ sì ń gbéra sókè. Ìgbà náà ni mo rántí èdídí. Ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé e kọ́ sí lọ́jọ́ Àìkú.

Mo yí padà. Ẹ́ńjìnì mu omi, ó dákẹ́. Mo fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí tó fi dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ló sì rì sí, lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mi gan-an. Ọ̀nà dí pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò lè wọlé, ẹnikẹ́ni ò lè jáde.

Mo dúró nínú omi tó mù mí dé àyà, mo wá sọ ọ́.

"Àbúrò mi wà lápá òpó pupa. Ọkọ̀ rẹ̀ ń rì. Kò wọ ẹ̀wù ìléfòó."

Bàbá Rọra ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ló pè."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. "O kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ó ní, "o ò sọ." Kò jágbe mọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì.

Ọkùnrin onífìlà wọ inú píkọ́ọ̀pù mi, ó wà á gòkè. Àǹtí Aláwọ̀n wọ inú omi tòun taṣọ, ó so okùn mọ́ imú ọkọ̀ mi. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkúta. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló gbà wá. Mò ń kà á lọ́kàn bí ẹni ń ka ìkọlù òòlù. Ọkọ̀ Bàbá Rọra ò lo ìṣẹ́jú kan tó fi wọ omi, nítorí pé gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ló ti ṣe lábẹ́ igi.

Mo gbé ẹsẹ̀ láti wọlé tẹ̀ lé e.

"Rárá," ó ní. "Ẹni méjì lọkọ̀ yìí ń gbà. Ibi tí o fẹ́ jókòó sí, òun ni yóò jókòó síbẹ̀."

Mo na ẹ̀wù ìléfòó sí i. Ó gbà á, kò bi mí bó ṣe dé ọwọ́ mi.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ojú omi di funfun, mi ò rí òpó pupa mọ́. Tí èèyàn bá fi abọ́ gbọ́n omi fún ààbọ̀ wákàtí, kó tó pè, tó tún gbọ́n ọn fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, pẹ̀lú apá kan tó dára, agbára wo ló kù nínú apá yẹn? Mo ṣírò rẹ̀ lónírúurú ọ̀nà. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde.

Àǹtí Aláwọ̀n wá dúró tì mí. "Ká ní o sọ ọ́ lábẹ́ igi, à bá ti yà fún ọ," ó ní. "Bàbá ì bá ti rí ìdí ọkọ̀ rẹ kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, Àǹtí."

Ó fi okùn kan sí mi lọ́wọ́. "Di èyí mú. Tí wọ́n bá dé, ìwọ lo máa jù ú sí wọn. Ọwọ́ tó bá ṣófo máa ń gbọ̀n jù."

Ọkọ̀ apẹja méjì sá òjò dé. Bí ìlànà ṣe rí, ìgbà tiwọn ti tó láti gòkè. Àǹtí Aláwọ̀n ké sí wọn pé kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀, nítorí Bàbá Rọra lọ gbé èèyàn bọ̀. Wọn ò béèrè ìbéèrè kejì. Wọ́n dúró lójú omi, tí ìgbì ń gbé wọn sókè sódò, tí òjò ń lù wọ́n lórí. Mi ò lè wò wọ́n lójú.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjì ni a gbọ́ ẹ́ńjìnì. Mo rí ọkọ̀ náà nínú òjò. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó nínú rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ẹnì kan ṣòro kà. Ẹnì kan ni. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi.

"He é," Àǹtí Aláwọ̀n ní. "He é, kí o jù ú. Wo ilẹ̀ ọkọ̀."

Ohun kan wà nílẹ̀ ọkọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ó ń gbọ̀n.

Mo ju okùn. Bàbá Rọra mú un. Ọkọ̀ àbúrò mi ti rì pátápátá, ó ní; ìdí irin òpó pupa ló ti bá a, ó fi apá ọ̀tún nìkan rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti gbé e, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò tíì ṣeé nà. Ó la ojú, ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Ẹ̀wù yìí. Mo wá a títí láàárọ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni."

Ó di ojú. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ lórí kọnkéré, gbogbo ohun tí mi ò sọ láti ọ̀sán ti kó wá sí ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Rọra gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Rọra gbé e dìde," ó ní. "Òkè ni kí o ti bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ méjì ń dúró."

Mo gbé àbúrò mi, a sì kúrò lójú ọ̀nà.