Ìrẹsì Kan, Ìkòkò Mẹ́sàn-án

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, kì í ṣe àánú ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Inú ló bí mi. Mo ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàtà. Nígbà tí bàtà ò tà mọ́, wọ́n dá ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìrẹsì tí à ń sè ò gbọdọ̀ dín. Ó ní tí ìkòkò bá kéré, ayé á mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé mọ́. Bí a ṣe ń sebẹ̀ fún àga tí kò sẹ́ni lórí ẹ̀ nìyẹn, tí a sì ń kó ìyókù lọ fún ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà sanra débi pé wọn kì í dìde mọ́ tí oúnjẹ bá dé. Wọ́n á la ojú kan, wọ́n á wo ọbẹ̀, wọ́n á padà sùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi imú ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ò jẹ. Ẹran tí èmi tí mo sè é ò rí jẹ! Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo bọ́ ápírọ́ọ̀nù, mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kó jẹ́ kí n máa kó ìyókù lọ fún àwọn ará àdúgbò wa. Ó ronú títí, ó ní òun gbà, kí n má ṣáà sọ ibi tó ti wá. Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹlẹ́dẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀.”

Mo gba ìsọ̀ kan tó ṣófo ládùúgbò, mo to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sán. Èrò wá o, ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ irọ́! Kò sẹ́ni tí ebi ń pa nínú wọn. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì ní aládùúgbò òun kan tó ń ṣàìsàn lòun fẹ́ gbà á fún. Bíríkìlà ní ìyàwó òun ló lóyún, kí n bù ú dáadáa. Télọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní ajá òun ni. Ajá wo? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Télọ̀, n ò gbọ́ kí nǹkan kan gbó nílé ẹ̀ rí, àfi òun alára. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àdúgbò tiwa yàtọ̀, ìgbéraga ti jókòó síbẹ̀ kébi tó dé. Èmi náà ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ń bu oúnjẹ sínú abọ́, mo ń ní kí Télọ̀ bá mi kí ajá.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù, ò wá. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àdúgbò yìí ló sì ti jẹ ẹgba wọn rí, Télọ̀ náà wà ńbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ti dáwọ́ dúró. Ọkọ mi, ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnu wọn ò sì gbà á láti sọ fún un. Tí mo bá gbé oúnjẹ lọ, wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kí n gbé e padà fún àwọn ọmọ. Ní ọ̀sán, wọ́n á kó abọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa fi ọ̀kan gbá èkejì bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ náà. Ó mọ́ kedere. Kò sí ọ̀rá, kò sí ẹyọ ìrẹsì kan. Abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun ni ìyá ń fọ̀! Mo wo ọrùn wọn, ó ti tín-ín-rín.

Mo bá dá ọgbọ́n. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ gbà mí. Tí oúnjẹ yìí bá bà jẹ́ lọ́jọ́ kan, tó da inú àwọn èèyàn rú, ọrùn mi ló ń bọ̀. Mo nílò àgbà tí yóò máa tọ́ ọ wò kí n tó pín in.”

Wọ́n wò mí wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé pé láti ọjọ́ yìí, ò ń pín in láìtọ́ ọ wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìwà àìbìkítà!” Wọ́n ti ń wá bàtà.

Wọ́n mú ṣíbí tiwọn dé ìsọ̀. Inú mi ń dùn, àṣé mo ń tan ara mi jẹ ni. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n dé ìkòkò padà. “Ó dára. Máa pín in.”

Ṣíbí kan péré! Mo ní, “Màmá, ẹ tún tọ́ ọ wò, bóyá ìsàlẹ̀ yàtọ̀.”

“Ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń jẹun nìyẹn. Ṣé olè ni mí?”

Ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má fi olóòótọ́ dán mi wò mọ́. Ó dáa, ìkòkò kan, ṣíbí kan. Mo lọ yá ìkòkò kiri àdúgbò. Mo pín ìrẹsì kan ṣoṣo sí ìkòkò mẹ́sàn-án, ńlá, kékeré, èyí tí etí ẹ̀ ti kán. Mo ní, “Màmá, àwọn tó sè é pọ̀ o.” Wọ́n sún mọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó sè é mọ iṣẹ́. Wọ́n dé ìkejì, wọ́n ní ẹni yìí ò láyọ̀ nílé ọkọ. Wọ́n dé ìkẹta, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Èmi kan náà ni wọ́n ń yìn tí wọ́n sì ń bú, mo sì ń sọ pé “Ẹ ṣeun, mà.” Bí wọ́n ṣe ń bú mi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń kún padà. Kò burú, kí wọ́n máa bú mi lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé ìkòkò keje, tí wọ́n yí ẹnu, tí wọ́n ní, “Èyí ò dára. Ẹ dà á nù.”

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fò sókè lórí ìlà àwọn tó fẹ́ gba oúnjẹ. “Ẹ da kí ni nù? Ìrẹsì kan náà mà ni! Ojú mi báyìí ló ṣe pín in sínú ìkòkò. Ìyàwó yín ló ń fi ṣíbí bọ́ yín bí ọmọ ọwọ́, torí ebi ń pa yín, ẹ ò sì lè sọ ọ́!”

Màmá nu ṣíbí wọn, wọ́n fi í sínú báàgì, wọ́n jáde láìwẹ̀yìn. Mo kọjú sí Télọ̀, mo ní, “Ẹnu ẹ yìí, abẹ́rẹ́ àti òwú ló tọ́ sí i!” Ṣùgbọ́n kò parọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. N ò tiẹ̀ gbọ́ kí wọ́n fọ abọ́ mọ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tó yá, mo gbé oúnjẹ lọ, mo kan ilẹ̀kùn títí.

“Ta nìyẹn? Mo ti jẹun.”

Ohun tó gùn mí, n ò mọ̀ ọ́n. “Irọ́ ni! Ẹ ò jẹun! Tí ẹ bá kú síbẹ̀, kí ni kí n sọ fún ọmọ yín? Kí n ní ìtìjú ló pa ìyá ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọmọ ọlọ́mọ torí irọ́, ta ni yóò na ẹ̀yin?”

Ìyá ọkọ mi ni mo ń sọ ọ́ sí o! Mo dúró kí ilẹ̀kùn ṣí, kí wọ́n gbá mi létí kára ó tù mí. Kò ṣí. Mo gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún dé ìsọ̀.

Mo ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ìlà dákẹ́ lójijì. Mo gbójú sókè. Màmá ló dúró lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń yà kí wọ́n lè kọjá, wọ́n kọ̀. “Ẹni tó bá kẹ́yìn dé, ẹ̀yìn ló ń dúró sí.”

Télọ̀ ló wà níwájú wọn gan-an. Òógùn bò ó. Ó yíjú, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí...”

“Ṣé o parọ́ ni?”

“Rárá, mà.”

“Kọjú síwájú nígbà náà.”

Nígbà tó kàn wọ́n, gbogbo èèyàn ń wò wá. Mo fẹ́ yọ wọ́n nínú ìtìjú, mo yára ní, “Màmá, ta lẹ fẹ́ gbà á fún?”

Wọ́n wo ìlà yẹn láti òkè délẹ̀, ìyá bọ́tìnnì, bíríkìlà, gbogbo wọn. Ohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ láàárọ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

“Èmi ni. Ebi ń pa mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo bu ìrẹsì sínú abọ́ wọn, mo sì dúró kí wọ́n ní ó ti tó. Wọn ò sọ ọ́. Mo tún bù ú, mo da ọbẹ̀ lé e, omijé ò jẹ́ kí n ríran mọ́. Wọ́n na abọ́ náà sọ́dọ̀ mi síbẹ̀, mo sì ń bù ú lọ.