Ìdáhùn tí Tolúlọpẹ́ Fún Nọ́ọ̀sì

Oṣù mẹ́sàn-án ni ó gba Dorcas lẹ́yìn àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kí ó tó tún lè dúró níwájú kíláàsì rẹ̀ ní Ìlọ́bù. Ó kọ́kọ́ tún ìwẹ̀ kọ́, láìjẹ́ pé ẹnìkan rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ bí a ṣe ń jẹun tán. Kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti tọ́jú ibà tí kò ṣe é, nítorí nígbàkígbà tí wọ́n bá bi í bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́, èsì ọmọlúàbí ni ó ń fọ̀: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọn a sì kọ "rárá" sílẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Tolúlọpẹ́, tí ó lọ́kọ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ni ó jókòó tì í báyìí ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ Tolúlọpẹ́ wà lápá kejì.

"Orí mi ń gbóná," ni Tolúlọpẹ́ wí fún nọ́ọ̀sì. "Bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. N kì í rí oorun sùn."

"Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Nọ́ọ̀sì kọ "rárá".

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bi í. Ta ló kú? Ọkọ ò lù ú, ebi ò pa á. Ìbànújẹ́ tí ò nídìí, àwọn òyìnbó ló ni ín. Àbí ẹ̀yin lẹ fi ìwé yín kó o ràn án, Tíṣà?"

Ó rẹ Dorcas. Bí ó bá sọ̀rọ̀, àwọn àna àbúrò rẹ̀ yóò ní àìsàn náà wà nínú ìdílé tí àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbọ́ orúkọ àìsàn náà rárá ni èèrà ti ń rìn nínú orí tirẹ̀ náà. Ìlú ni ó kọ́ ọ láti pè é ní orí gbígbóná. Ìlú náà ni ó kọ́ ọ ní èsì tí ó fi í pamọ́. Ìlú kọ́ ni ó gbé e sí i lára.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn kì í ṣe rárá. Bí èmi náà ṣe dáhùn nìyẹn lọ́dún tó kọjá. Ikú ló ń wù mí nígbà náà."

"Tíṣà! Ẹ tutọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dànù!"

Tolúlọpẹ́ kò gbójú sókè. "Àǹtí mi, ẹ ní ibà ni."

"Mo purọ́ fún ọ."

Nọ́ọ̀sì fa igi lé "rárá" náà, ó tún ìbéèrè rẹ̀ bi.

"Láti oṣù kẹta ni, mà," ni Tolúlọpẹ́ wí.

Gbèsè tí Dorcas jẹ àbúrò rẹ̀ báyìí ni kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì máa bá a wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá dá fún un.