Fáànù Tó Kéré Bí Èékánná

"Ẹ tún un wò, Ẹ̀gbọ́n Fang. Iye yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀."

Fang Suying ò tún nǹkan kan wò. Ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Qiu Wenlan kí ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì ń bá tíì tó ń mu lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ géèmù alágbèéká méjì ti wà lórí tábìlì yàrá ìjẹun ilé-iṣẹ́ wọn ní Longhua, ní Shenzhen, nílẹ̀ Ṣáínà. Ẹnikẹ́ni lè mú èyí tó wù ú lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ẹ̀rọ náà á sì máa ka wákàtí tí wọ́n fi gbá géèmù lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ lẹ́yìn ka wákàtí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ka mọ́kàndínlógún.

Pupa ni ẹ̀rọ Wenlan. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lágbára débi pé kò sí géèmù tó lè rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná, oṣù mẹ́jọ gbáko sì ni Wenlan fi ṣe fáànù tó kéré bí èékánná tó ń tú ooru náà síta. Wọn ò lè tà á ní iye tó dín sí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ yúàn, owó Ṣáínà. Ewé ò ní fáànù, ọpọlọ rẹ̀ ò sì le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún yúàn ó dín ẹyọ kan péré ni wọ́n fẹ́ tà á. Fang, tó ń bójú tó ríra nǹkan, ló ń gbè é lẹ́yìn.

Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mú ọ̀kan. Lọ́la ni Bàbá Guan ní Dongguan máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé móòlù irin tí wọ́n á fi máa da ike ara ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá Tan fúnra rẹ̀ ló wo ìwé ọjọ́ rere tó fi yan ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ti ní kí wọ́n yan odindi ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n á gbé síwájú ẹ̀rọ ìgérin fi ṣe ìrúbọ kí iṣẹ́ náà lè yọrí sí rere. Bí wọ́n bá ti gé irin, ó parí nìyẹn: ihò fáànù wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tàbí kò sí.

"Mo fún èèyàn méjìléláàádọ́ta ní bébà," ni Wenlan wí. "Mọ́kànlélógójì ló kọ ọ́ pé Pupa làwọn fẹ́."

"Ẹnu wọn ń fẹ́ Pupa. Ọwọ́ wọn ń mú Ewé."

"Àbí ẹ ń gbé e pamọ́ fún wọn?"

"Èmi? Lan, ọmọ mi ti wọ yunifásítì. Ṣé o rò pé èmi ni mò ń gbé nǹkan ìṣeré sábẹ́ aṣọ kiri?"

Wenlan fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Ó kó ẹ̀rọ méjèèjì, ó jáde. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó tún ń rìn ín lára láti mọ ìdí rẹ̀. Ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n: ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bọ́tìnnì wọn, ọ̀kan náà. Ojú wọn, ọ̀kan náà. Ó wá lọ bá Hou Qiming, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíbá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó fẹ́ràn géèmù ju oúnjẹ lọ.

"Qiming, báwo ni Pupa?"

"Há, Ẹ̀gbọ́n Lan! Iná ni! Ẹ ò rí bí omi ṣe ń dán nínú géèmù yẹn? Bí omi gidi!"

"Kí ló wá dé tó jẹ́ Ewé lo máa ń mú?"

Qiming fọwọ́ họ ọrùn. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí o. Pupa dára. Ó dára gan-an ni."

Ó gbé fóònù rẹ̀ sétí bí ẹni tí wọ́n pè, bẹ́ẹ̀ fóònù náà ò dún. Ojú ti ọmọkùnrin náà láti sọ nǹkan kan, Wenlan sì rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe ló ń tún ṣe kí ó lè dín kù lówó. Fáànù yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó ti orí tirẹ̀ jáde. Bàbá rẹ̀ ní Shantou, tó ń tún fáànù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láti ìgbà tí Wenlan ti wà lọ́mọdé, kì í jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kan kọjá láìbi í léèrè nípa rẹ̀. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í lọ́jọ́ tó gbọ́ ni pé, "Ṣé kì í pariwo?" Wenlan sì fèsì pé, "Rárá o, Bàbá. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìrẹsì àti pẹ́pẹ́yẹ yíyan tán, aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, wọ́n pa iná yàrá ìjẹun kí wọ́n lè sùn díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Gbogbo èèyàn na ibùsùn wọn tó ṣeé ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n fa aṣọ borí. Títí di aago méjì, ẹni tó bá jí ẹlòmíràn níbẹ̀ á gbọ́ ọ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Wenlan kì í bá wọn sùn. Yàrá ìdánwò rẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, níbi tí ààrò tí wọ́n fi ń dán ooru wò ti ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó dá ẹ̀rọ méjèèjì padà sórí tábìlì, ó yá ibùsùn ẹnì kan tó lọ bímọ, ó sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fang.

"Ìwọ náà fẹ́ sùn lónìí?" ni Fang sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Òjò á rọ̀."

Kò pẹ́ tí gbogbo ibẹ̀ fi dákẹ́. Wenlan rí i tí Qiming fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lọ sídìí tábìlì, tó mú Pupa, tó sì gbé e wọ abẹ́ aṣọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bíi yànmùyánmú. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ wò yíká kí ó lè rí yànmùyánmú náà.

Ẹnì kan pòṣé. Ohun náà dákẹ́ wẹ́lo. Qiming tún dìde jẹ́jẹ́, ó gbé Pupa padà, ó mú Ewé.

Wenlan ò gbà. Ó lọ mú Pupa fúnra rẹ̀, ó fa aṣọ borí, ó ń wa ọkọ̀ nínú géèmù gba orí òkè kan, omi ń dán nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ó dùn mọ́ ọn débi pé kò mọ ìgbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ń fi ẹ̀rọ gbẹ irun níbẹ̀ yẹn?" Ohùn Fang nìyẹn, tòun toorun.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sùn o!"

Wenlan pa á. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn náà, ó ń rántí yàrá tí òun àti ọmọbìnrin méje jọ ń sùn nígbà tó wà nílé ìwé, bí wọ́n ṣe ń gbá géèmù lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mí. Àwọn bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ tà á fún. Ẹ̀gbẹ́ ààrò tó ń pariwo ló sì ti wọn ariwo fáànù.

Aago méjì lù, iná tàn. Ọ̀gá Tan pe Wenlan àti Fang wọlé, gègé ìkọ̀wé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti rí wákàtí tí Fang mú wá," ni ó wí. "Mi ò kà á sí. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí wọ́n má ba nǹkan olówó jẹ́. Bébà ni kí a tẹ̀ lé. Pupa ni. Lan, kú iṣẹ́."

Fang wo ilẹ̀. Òun náà ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Wenlan nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú yàrá yẹn, bó bá sì pa ẹnu mọ́, fáànù rẹ̀ á wọnú ẹ̀rọ.

Gègé Ọ̀gá Tan kan bébà.

"Ọ̀gá, ẹ dúró. Fáànù mi ń pariwo."

"Ariwo wo? Ìwọ lo kọ ọ́ pé kò ní ariwo."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ariwo ààrò yàrá mi ló bò ó mọ́lẹ̀, Ọ̀gá. Mo gbé e wọ àárín àwọn tó ń sùn lónìí, Ẹ̀gbọ́n Fang sì rò pé mò ń fi ẹ̀rọ gbẹ irun."

Fang yíjú sí i. "Ìwọ ni?"

"Ṣé o ò lè jẹ́ kí ó máa yí díẹ̀díẹ̀?" ni Ọ̀gá Tan béèrè.

"Á jó wọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí fáànù, kò sí ọpọlọ ńlá yẹn. Ewé ni kí ẹ fọwọ́ sí. Àmọ́ ibi tí fáànù ì bá jókòó sí ti ṣófo. Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì tó tóbi síbẹ̀."

"Á gbówó lé e."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni Fang wí kíá. "Màá bá àwọn oníbátìrì fà á. Kò ní wọ ẹgbẹ̀rún."

Ọ̀gá Tan fọwọ́ sí Ewé, ó na fóònù sí Wenlan. "Ìwọ ni kí o sọ fún Bàbá Guan."

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ihò ẹ̀yìn yẹn, ẹ má gé e mọ́."

"Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún? Tí o ní kí n tún yà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ọmọ mi, lọ́la la máa gé irin o. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ó jáde sí ẹ̀yìn ilé níbi àtẹ̀gùn, ó yọ fáànù kan láti inú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó pe Shantou, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Àìkú.

"Bàbá, fáànù yẹn ń pariwo."

Ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé irinṣẹ́ kan sílẹ̀, ó sì gbọ́ fáànù kan tó ń kígbe nítòsí rẹ̀ níbẹ̀.

"Ti ọwọ́ mi yìí náà ń pariwo láti àárọ̀," ni bàbá wí. "Ṣé o ti jẹun?"