Agbo Suvlu Nínú Omi

Nígbà tí àgbọ̀nrín ìgbẹ́ kó gbogbo àgbọ̀nrín ọ̀sìn Suvlu, darandaran ilẹ̀ yìnyín, lọ, kò rí ẹran dà mọ́. Ó bọ́ sínú adágún ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ń mú ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gé ṣóńṣó ìrù wọn bí a ti ń gé etí ẹran fún àmì, ó sì ń dá wọn padà sómi.

Aaluk ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Bàbá Nanuna, ẹja la máa ń jẹ, a kì í dà á."

"Agbo mi ni."

Nígbà tí yìnyín yọ́, odò kékeré tó so àwọn adágún pọ̀ kún, agbo náà sì bá a lọ sí adágún Kignak, ẹ̀gbọ́n Aaluk. Òfin àwa darandaran ni pé ẹran tó bá ní àmì gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Kignak kó àwọn ẹja náà sínú korobá, ó gbé e wá.

"Àna, àwọn ẹran rẹ ṣáko. Wọ́n ti jẹ oko mi o!"

Suvlu dúpẹ́, ó dà wọ́n sómi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti padà sọ́dọ̀ Kignak. Bí Kignak ṣe ń gbé korobá kiri nìyẹn títí òtútù fi dé.

Ni Suvlu bá fi àwọ̀n dí ẹnu odò.

Aaluk gbaná jẹ. "Adágún wa ò ju àyà mi lọ! Omi á dì kanlẹ̀, gbogbo wọn á kú, kí la máa jẹ nígbà òkùnkùn tí oòrùn kì í yọ? Ti ẹ̀gbọ́n mi ló jìn."

"Ṣé darandaran máa ń ṣí ọgbà sílẹ̀ ni?"

"Darandaran wo ló ń fi ẹran síbi tí kò sí koríko?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ká àwọ̀n, ó mú ọ̀pá, ó ń súfèé lọ létí odò, ó ń da ẹja síwájú. Àwọn ẹja ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí yìnyín nípọn, Aaluk gbẹ́ ihò sí i, ó dẹ àwọ̀n sí adágún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ẹja tó kó ni ìrù wọn pé. Suvlu takú. "Kò sí àmì. Ti àna mi ni. Mi ò jalè rí." Ebi ń pa á, ó kọ̀ jálẹ̀.

Nílé rẹ̀, Kignak gé ẹja dídì, ó tì í bọ inú òróró séálì, ẹranko òkun. "Ẹni tí agbo rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ mi, àlejò mi ni. Àlejò kì í béèrè ẹran ta ni. Jẹun, jàre!"

Suvlu jẹ ẹ́. Ó tún gé òmíràn. Ó jẹ títí ó fi tú bẹ́líìtì.

"Àna mi," ó ní, "agbo yín mà sanra o."