Agbẹjọ́rò Ojú Ogun Kejì

Ìsàlẹ̀ ilé kan ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ni Sùlè ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù rẹ̀ sí. Àwọn ọkùnrin tó ti níyàwó nílé ló ń kún ibẹ̀ bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí géèmù oníbọn tí wọ́n ń pè ní Ojú Ogun Kejì jáde, inú wọn ò dùn sí i rárá. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbèjà tuntun yìí: Ọláfimíhàn, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà ní Àgọ́ Palace.

Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n gbá o. Ọta kì í pẹ́ bà á. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ géèmù yẹn láìdáa létí rẹ̀, àfi bíi pé ìyá rẹ̀ ló ṣe é.

"Ó tètè ń rẹ sójà inú ẹ̀," Babáwálé sọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ amúlétutù ni Babáwálé ń tún ṣe, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn nídìí géèmù. "Tó bá sáré díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ."

"Ìwọ gbé ìbọn, kó o sáré láti Apákun dé Òṣòdì ká wò ó," Ọláfimíhàn dá a lóhùn.

"Ọta tún ń tètè tán."

"Ṣé orí igi ló ti ń so ni?"

"Òkùnkùn ẹ̀ ti pọ̀ jù, a ò rí ọ̀tá."

"Ọ̀tá wo ló máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú ara ẹ̀ kó o lè rí i yìnbọn fún?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Babáwálé. "Ó dáa. Ọ̀gágun Jeremy ńkọ́? Ẹni tá a tẹ̀ lé jagun látòkè délẹ̀ ní apá kìíní. Kí ló dé tí wọ́n fi pa á kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa?"

"Èèyàn ń kú, jàre! Àbí ẹnì kan ò kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ rí ni?"

Oṣù tó kọjá ni Babáwálé lọ sin bàbá rẹ̀ ní Ìkirè. Ó gbé páàdì tó fi ń gbá géèmù kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde. Ọláfimíhàn dìde láti pè é padà, àmọ́ ó ti jìnnà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn tó ṣe géèmù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn oníbàárà àwọn, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde. Kò rẹ sójà mọ́. Ọta ò tán mọ́. Òru mọ́lẹ̀ kedere bí ọ̀sán. Ọ̀gágun Jeremy náà jíǹde, ó ń dápàárá káàkiri.

Inú gbogbo wọn dùn. Ọláfimíhàn nìkan ló ń bínú. "Àwọn tó ṣe é gan-an ò mọ ohun tí wọ́n ṣe!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá mọ ọmọ ju ẹni tó bí i lọ ni?" Sùlè bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ta ló ń jà fún un nígbà tí gbogbo yín ń bú u? Ṣé àwọn ni?"

Ó bẹ Sùlè pé kó fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo sílẹ̀ láìtún un ṣe, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀. Sùlè gbà, kí etí òun lè sinmi. Láti ọjọ́ yẹn, Ọláfimíhàn nìkan ló ń jókòó síbẹ̀, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú òkùnkùn, tí ọta yóò tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì kú.

Ní Sátidé kan, Babáwálé wọlé. "Wá wò ó, Jeremy ti jí!" ni wọ́n fi kí i. Ó dúró wò ó. Jeremy rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn lọ sinmi díẹ̀ ni. Ojú Babáwálé yí padà. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó ti Ọláfimíhàn ní kọ̀rọ̀.

"Ibí ńkọ́? Ṣé ó ṣì kú níbí?"

"Ó ṣì kú."

"Fún mi ní páàdì kejì."

Ọláfimíhàn gbé e fún un. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, má bínú. Irú èèyàn wo ni Bàbá?"

"Alágídí ni wọ́n. Wọn kì í gbà láé pé àwọn jẹ̀bi." Babáwálé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ì bá mọwọ́ ara yín."

Géèmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń sin Jeremy, ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń fò kọjá, kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì nínú wọn títí sójà tó kẹ́yìn fi kúrò nídìí sàréè.