Bàtà fún Igbà

Ní tiwa ní Nsúká, bí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ bá já pa adẹ́mu, a kì í gbé e wọlé. Ìdí ọ̀pẹ náà la ń fi í sí. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ló pa bàbá wa. Ayé wo? Mo lọ wo igbà rẹ̀. Ibi tó ti ń ha ara ọ̀pẹ ló ti fẹ́lẹ́ títí tó fi já.

Mo délé, mo gé awọ, mo ń rán an mọ́ ojú ibẹ̀ lára igbà tèmi. Obiekwe, àbúrò mi, ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń wọ bàtà fún okùn?"

"Bàtà tí bàbá fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ẹsẹ̀ bàtà kejì nílẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Lọ gbé igbà tìẹ wá."