Ife Kejìlá

Ife kejìlá kò dún.

Oníṣòwò ohun àtijọ́ náà tún fi ìka ta á lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́kànlá tó ti ta ṣáájú ti ké bí agogo kékeré, tí ohùn wọn ń lọ gbọọrọ kó tó parẹ́. Èyí kàn dún kọ̀ bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ìdérí ìkòkò ni. Ó gbé e sí ọwọ́ kan, ó gbé òmíràn sí ọwọ́ kejì, ó wọn ìwúwo wọn wò, ó sì mi orí.

"Màmá, ẹ má bínú. Kírísítálì àtijọ́ ni mọ́kànlá yìí. Òjé wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wúwo tó báyìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi gé ọnà ara wọn; ẹ fi àtàǹpàkò kàn án, ẹ ó rí i pé etí ọnà náà mú. Inú irin alápá méjì ni wọ́n da èyí sí ní tirẹ̀. Ẹ wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni irin méjèèjì ti pàdé. Gíláàsì lásán ni."

Ọmọkùnrin ilé ló pe oníṣòwò náà pé kí ó wá jẹ́rìí sí ogún bàbá òun. Ìyá rẹ̀ ti kọ̀, ó kọ̀ títí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọlé. Nísinsìnyí ìyá àgbà náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kò wo oníṣòwò, kò wo ife. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká.

"Ìyàwó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù nini, "ta lo ta ife mi fún?"

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti fi ń fọ àwọn ife náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí Ọlọ́run dá. Yóò kọ́kọ́ bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kí ó má baà ha wọ́n lára. Yóò tẹ́ aṣọ nípọn sí ìsàlẹ̀ bàsíà, yóò sì bu omi tí kò gbóná tí kò sì tutù, nítorí omi gbígbóná lè mú kí kírísítálì sán lójijì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fọ̀ wọ́n. Kì í dojú wọn dé, nítorí etí wọn kì í pẹ́ ṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ a sì jókòó tì í, a máa wí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń nu nǹkan nílé yín nìyẹn? Àbí ẹ ò tiẹ̀ ní nǹkan tí ẹ ń nù?" Bí etí rẹ̀ ti ń gba èébú ni ìka rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ dìde. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Màmá ń bi ọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Màmá, n kò ta ife kankan. Láti ọdún kejì tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti mọ̀ pé ìkejìlá kò bá àwọn yòókù mu. Ọ̀wọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Kò tíì pa ẹnu dé tó fi mọ̀ pé òun ti fi ẹsẹ̀ ara òun rìn wọ inú pàkúté.

"Ẹ gbọ́ o!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ara wọn. "Ọdún mẹ́sàn-án! Ta ní ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́nú bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà? Ọmọ mi, ǹjẹ́ n kò sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o mú un wá? Mo ní ojú ọmọ yìí ń ká ilé kiri."

"Màmá..."

"Má pè mí ní màmá. N kò bí olè."

Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Lọ di ẹrù rẹ," ni ó wí. "Ilé bàbá rẹ kò jìnnà."

Oníṣòwò wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí aṣọ ń jó lára. Obìnrin náà kò sunkún. Ó rìn lọ sí ibi àpótí onígi tí wọ́n ń kó àwọn ife sí. Àrán pupa ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, pẹ̀lú ihò méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ife kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ife gidi kan bọ ihò tó kángun yìí, ibi tí ìkejìlá máa ń wà."

Oníṣòwò ki ọ̀kan bọ̀ ọ́. Ife náà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Oníṣòwò tẹ̀ síwájú, ó fi awò rẹ̀ wo ihò náà.

"Wọ́n ti gé e fẹ̀," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ayédèrú yẹn ló tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n gé àrán, wọ́n wá rán etí rẹ̀ kó má baà tú. Ẹni tó rán an mọ abẹ́rẹ́ lò o."

"Ọkọ mi, ẹ wá wò ó," ni obìnrin náà wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ojú òwú náà pàdé, ó dà bí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ. Irú rẹ̀ ló wà létí ìrọ̀rí tó fi sùn nígbà èwe rẹ̀, irú rẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹ̀wù tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rán irú rẹ̀ nínú ilé wọn. Ọwọ́ ẹni náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí òun tó gbéyàwó. Òun fúnra òun lòun gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Láti ìgbà náà kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

"Màmá," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Bàbá rẹ ìbá bọ́ mi láwọ lójú ayé. Mo ra òmíràn fi dí i. Ṣé mo pààyàn ni?" Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sí ìtìjú kankan lójú rẹ̀. "Ṣé o ti yó báyìí? O bọ́ mi sí ìhòòhò lójú àlejò. Olè sàn jù ọ́ lọ."

Ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ń wò, ó ń retí ohun tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde.

"Màmá ti dàgbà," ni ọkùnrin náà wí níkẹyìn. "Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìwọ náà, ká ní o ti tètè sọ̀rọ̀ ni, gbogbo èyí kì bá ti ṣẹlẹ̀."

Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kí ó má di ẹrù mọ́.

Nígbà tí oníṣòwò lọ tán, ìyá àgbà na ìka sí orí tábìlì. "Tún wọn fọ̀. Ọwọ́ àjèjì ti kàn wọ́n."

Obìnrin náà bọ́ òrùka rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ sínú bàsíà, ó fọ mọ́kànlá bó ti ń ṣe é, ó nù wọ́n gbẹ, ó kó wọn sínú àpótí, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí itan. Ìkejìlá ló kù. Ó da omi gbígbóná lé e lórí pọ̀ mọ́ àwo ọbẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí irin tí wọ́n ń to àwo sí. Kò sán. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò dé ìdajì, ó dúró, ó sì dá wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago méjì ọ̀sán ni ìyá àgbà ń lo oògùn, ife oníke olómorí ló sì máa ń fi mu omi rẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, ife kejìlá ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé wá lórí àwo pẹrẹsẹ, omi kún un dé etí. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Màmá, oògùn yín."

Ìyá àgbà wo ife náà. "Ife oníke mi dà?"

"Èyí ni tiyín, Màmá. Owó yín lẹ fi rà á."

Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá náà. Ó gbé ìwé ìròyìn sókè bojú. Ìyá àgbà mú ife. Omi ń ta sí i láyà, ó ń ṣàn wọ inú apá ẹ̀wù rẹ̀, etí ife sì ń lu eyín rẹ̀ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Kò nawọ́ sí i.

"Ẹ rọra, Màmá," ni ó wí. "Òun náà la máa fi mu ti ọ̀la."